Awò Ojú Piggy

Nínú Lord of the Flies, ìwé tí William Golding gbé jáde ní 1954 nípa àwọn ọmọkùnrin tó há sí erékùṣù kan, Jack àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ya wọ àgọ́ Ralph àti Piggy lóru, wọ́n lù wọ́n bí ẹni máa kú, wọ́n sì sá lọ. Piggy rò pé karawun òkun ni wọ́n wá jí, èyí tí wọ́n fi ń pe ìpàdé, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé e dání nìkan ló láṣẹ àtisọ̀rọ̀. Àṣé wọn ò tilẹ̀ wo ibi tó wà. Awò ojú rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ.

Mo ti ro èyí títí. Piggy ló lọ́gbọ́n lórí jù nínú wọn, síbẹ̀ kò yé e. Àdéhùn àwọn ọmọ náà nìkan ló fún karawun lágbára. Ọjọ́ tí Jack ní kò já mọ́ nǹkan lápá ọ̀dọ̀ tòun, ó parí. Awò ojú ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Ọmọlúàbí gbé e sóòrùn, iná ràn. Ìpáǹle gbé e síbẹ̀, iná ràn. Iná ni wọ́n fi ń sun ẹran, ẹran ni Jack sì fi ń fa ọmọ mọ́ra.

Àwọn tó mọ sáyẹ́ǹsì a máa bú Golding: Piggy kì í rí ọ̀ọ́kán, irú dígí tí wọ́n ń ṣe fún irú ojú bẹ́ẹ̀ sì ń tú ìtànṣán oòrùn ká ni, kò lè dáná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ irọ́ náà. Òun ló jẹ́ kí iná gbogbo erékùṣù wà lójú ọmọ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Kódà lẹ́yìn tí Jack gbá a létí tí dígí kan fọ́, ọ̀kan tó kù ni wọ́n ń wá kiri.

Lẹ́yìn tí Piggy kú, iná tí Jack dá láti fi lé Ralph jáde nínú igbó ni ọkọ̀ ogun rí. Golding ti jagun lójú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì; ó mọ irú ẹni tó ń wá gbani là. Ọ̀gágun kan láti inú ọkọ̀ náà béèrè olórí wọn, Ralph ní òun ni. Jack, tó so àfọ́kù awò ojú mọ́ ìbàdí, fẹ́ bọ́ síwájú, ó tún dúró. Àwọn kan lè pè é ní ìtìjú. Lójú tèmi, ìbọn ọ̀gágun yẹn ló rí.