Ẹni Tó Yára Ju Ẹnìkejì Rẹ̀ Lọ

Ìdíje kan wà ní Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Cape Epic. Ọdún 2004 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 8 ni wọ́n fi ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lórí òkè olókùúta, ọ̀nà tó ju 600 kìlómítà lọ. Méjì méjì ni wọ́n ń kópa. Bí ẹnì kan bá fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 2 lọ, àwọn méjèèjì ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹni tó lágbára jù, tó dúró, ọmọlúàbí ni bí, tàbí òfin ló dá a dúró?

Àwa ará Ìsàlẹ̀ Òsì kò níláti rìn jìnnà kí ó tó yé wa. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ láti Ọjà'ba lọ sí Màpó mọ ohun tí òkè ń fi àyà ṣe. Èémí á kúrú, itan á gan. Ọ̀rọ̀ rere a sì ṣòro í sọ. Òfin lè dá ẹsẹ̀ dúró, kò lè mú ojú tújú ká. Ẹnì kan á dúró, á máa pòṣé, á máa wo aago. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ti rí i lókèèrè, ìwọ̀nba okun tó kù fún un á tán. Ẹlòmíràn á na omi sí i, á bọ́ síwájú láti gba atẹ́gùn fún un.

Àwọn kan ní a ti le jù, pé ẹni tó ń wá ipò kìíní kò ráyè ẹ̀rín. A gbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnìkejì bá dé ni wọ́n ń kọ àkókò àwọn méjèèjì sílẹ̀. Òṣé tí ó ń pa yẹn, lára àkókò tirẹ̀ náà ni ó ti ń ná an.