Ìdíje Ọ̀fẹ́ Ha Lè Di Ẹ̀ṣẹ̀ Bí?
Ǹjẹ́ ó burú láti ta póòkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí a kò san owó wọlé? Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì, ní nọ́ńbà 2413, kò ka tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ sí àìṣòdodo. Ó di àìtọ́ nígbà tí ó bá gba ohun tí ẹni tàbí ará ilé ẹni nílò. Nínú ìdíje ọ̀fẹ́, owó kò lè sọnù.

Nítorí ọ̀fẹ́ yìí gan-an, ọ̀pọ̀ a máa kó gbogbo ẹyọ wọn sílẹ̀ lórí káàdì èyíkéyìí. Ẹni tí ó fẹ́ pẹ́ nídìí eré a jẹ́ kí wọ́n lé ara wọn jáde. A sọ káàdì tí kò dára sílẹ̀, a dúró de irú ọba méjì. Ìgbà tí iye tí a ń fi dandan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bá fẹ́ jẹ ẹyọ rẹ̀ tán ni kì í dúró mọ́. Sùúrù ni èyí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, nítorí ẹ̀bùn kékeré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dù. Ta ni ó ni wákàtí wọ̀nyí? Ọmọ tí ó gbé ìwé rẹ̀ dání tí ó ń dúró de bàbá rẹ̀ ńkọ́?

Ṣíṣe bí ẹni tí káàdì rẹ̀ dára kì í ṣe irọ́, nítorí gbogbo òṣèré ni ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi orúkọ méjì wọlé, tàbí ọ̀rẹ́ méjì tí ń fi káàdì han ara wọn, olè ni wọ́n, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ san nǹkan: ẹ̀bùn náà tọ́ sí ẹlòmíràn.