Ta Ni Ó Ni Ọmọ Tí Ó Lè Sáré?

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ní Ajah àti ní gbogbo ẹ̀bá ọ̀sà yìí, ọ̀ràn kan wà lọ́kàn wa tí ó yẹ kí a jùmọ̀ rò. Òun ni ti ọmọ tí ó ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá, tí kò sì tíì tó ẹni tí ń dá dúró. Àní ọmọ ọdún 12 títí dé 17. Nígbà tí àjálù bá wó ilé, ta ni ó ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ni a ń sọ. Ní July 1990, ìjọba ológun fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré láti kó kúrò. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni katapílà wọ ìlú. A ṣírò àwọn tí ó di aláìnílé sí nǹkan bí 300,000. Díẹ̀ ni a fún ní ilé tí a kò tíì kọ́ parí ní Ilasan àti Ikota. Àwọn mìíràn wá tẹ̀dó sí ìhà Ajah tiwa. Bákan náà, láti November 2016 títí di April 2017, iná jó ilé àwọn Ẹ̀gùn apẹja ní Otodo Gbame ní Lekki, katapílà wó ìyókù, a sì lé àwọn ènìyàn tí ó ju 30,000 lọ. Ọ̀pọ̀ wọn sùn nínú ọkọ̀ lórí omi. Ní June 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ti Èkó dájọ́ pé ìwà ìkà ni lílé náà, ó sì lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. A dúpẹ́ fún ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ilé ti lọ.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá a pọn ọmọ ọwọ́, a fa arúgbó lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kì í di ọwọ́ ọmọ ọdún 15 mú, nítorí òun lè sáré. Ẹrù ni a ń dì lé e lórí. Àwọn aláàánú pàápàá a máa rántí wàrà fún ìkókó. Ta ni ń rántí aṣọ nǹkan-oṣù fún ọmọbìnrin? Nígbà tí Olúwa wa jẹ́ ọmọ ọdún 12, Josẹfu àti Maria rin ìrìn odidi ọjọ́ kan, wọ́n ṣebí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Wọn kì í ṣe òbí burúkú. Àwọn àgbà ní ojú méjì ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà wá pé nígbà mìíràn, olúkúlùkù nínú igba ojú náà rò pé èkejì òun ni ń wò ó.

Ẹnìkan lè wí pé, “Èmi ti gba ọ̀kan sílé.” Níhìn-ín gan-an ni ọ̀ràn náà ti le. Ọmọbìnrin náà a jí ní àkùkọ ìdájí, a pọn omi, a gbálẹ̀, lẹ́yìn náà a gbé igbá ọjà lọ sí ibùdókọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ onílé ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá bi onílé, a ní, “Bí kì í bá ṣe èmi, ìta ni ì bá máa sùn.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ kò lè kọ ohunkóhun. A ha lè wí pé ó gbà bí? Àánú tí a ń fi iṣẹ́ ọmọ san padà lójoojúmọ́, òwò ni. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ilé burú. Àwa náà ṣe é, kò pa wá. Ohun tí a ń bèèrè ni bóyá ọmọ onílé ń gbálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bóyá wọ́n jọ ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀ kan náà, àti bóyá ìyá rẹ̀ mọ ibi tí ó ń sùn.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Òfin kò lè dé ẹ̀yìnkùlé gbogbo. Aládùúgbò lè dé ibẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ tí ń gbà wọ́n sílé jẹ́ tálákà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò sì gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n aṣọ àti ìwé kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìwọ̀nyí ni ìjọ lè rà, láìpariwo.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ìjókòó ọmọ kan bá ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìwólé tàbí ìkún-omi, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n sábà ń mọ ibi tí ó wà ṣáájú àwọn àgbà.