Òkè Ló Gbà Á

Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi kú ní Adó-Àwáyè, èmi ni ẹbí ní kí n túmọ̀ oríkì ilé wa sí Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé mo gbọ́ oríkì ju àwọn yòókù lọ o. Èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mọ̀ pé mo máa ń kọ nǹkan. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wá sìnkú. Wọ́n fẹ́ kí oríkì náà wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, kí àwọn ọmọ yẹn má baà jókòó bí ère nígbà tí àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá.

Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ẹ gbọ́ ná.

Oríkì náà kò gùn. Orúkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, orúkọ ò sì ní ìyọnu, èèyàn á kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Àmọ́ ó dé ibì kan tí wọ́n ti dárúkọ baba ńlá wa kan, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré tì í lẹ́yìn: òkè ló gbà á.

Ẹni tó bá ti dé Adó-Àwáyè mọ òkè tí à ń wí. Abẹ́ rẹ̀ ni ìlú wà. Àtẹ̀gùn tí èèyàn máa gùn kó tó dé orí rẹ̀ lé ní 300. Adágún Ìyákẹ̀ wà lókè níbẹ̀, omi tó jókòó sórí àpáta. Òkúta Ìṣàgẹ náà wà níbẹ̀, ó dúró bí ẹni pé yóò yí lulẹ̀ lọ́la, kò sì yí. Tí àwọn àgbà bá ń sọ bí ìlú ṣe yè nígbà ogun, òkè yìí ni wọ́n ń nàka sí. Wọ́n ní orí rẹ̀ làwọn èèyàn sá lọ, pé yíyè tí wọ́n yè níbẹ̀ ló wà nínú "Àwáyè" tí wọ́n fi kún Adó. Nítorí náà kò ṣòro fún mi. Òkè gbà á, ìyẹn ni pé òkè gbà á là. Mo wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń lò fún ìgbàlà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo sì kọjá lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àìsùn, Ìyá Kékeré, àbúrò olóògbé, ní kí ọmọ kan ka ìwé náà fún òun. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà sì ń dá a padà sí Yorùbá bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó ní, "Òkè gba baba wa là." Ìyá Kékeré ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ta ló gbà là? Ẹni tí ò bọ̀ mọ́ lo ní wọ́n gbà là?"

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí: baba náà gun òkè lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n bá létí Ìyákẹ̀. Wọn ò rí òkú sin. Ìyá tó bí àwọn, nígbàkigbà tó bá ń ki ilé, tó bá dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń wálẹ̀. "Ohùn la fi ń mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí.

Bàbá kan nínú agboolé wa wà níjòókòó, ó sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Ó ní irọ́ ni, ogun ni baba yẹn sá fún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dáko, ó bímọ. Ó ní, "Bí kò bá bọ̀, ta ló bí gbogbo wa?" Ìyá Kékeré ní, "Ó ti bímọ kó tó gùn ún." Kò pẹ́ tí ilé fi pín sí méjì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Inú agboolé kan náà ni wọ́n dàgbà sí, oríkì kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, níbi òkú. Kò sí èyí tó mọ̀ láàárín wọn pé ohun tí ẹnì kejì òun ń gbọ́ yàtọ̀. Mo ti máa ń gbọ́ pé ewì kì í ṣeé túmọ̀ nítorí pé èdè méjì ò rí bákan náà. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì délẹ̀. Inú Yorùbá gan-an ni ìṣòro tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Àwa náà kì í pè é ní orúkọ méjì: bí èèyàn gbé ọ̀rọ̀ láti èdè kan sí òmíràn, ó túmọ̀ rẹ̀; bó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń wí fún ọmọ ilé tí ò yé, ó túmọ̀ rẹ̀ náà ni.

Ẹ wo "gbà" yìí fúnra rẹ̀. À ń gba àlejò, à ń gba owó. Olè ń gba nǹkan oníǹkan. Ọlọ́run ń gba àdúrà, ikú sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó bá sì ké pé "ẹ gbà mí o!", ṣebí kì í ṣe pé ó ní kí wọ́n wá gbé òun lọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìgbàlà nìkan ló sọ sí mi lọ́kàn? Mo rò pé ilé ìjọsìn ni. Olùgbàlà, ìgbàlà, gbà mí là: etí mi ti kún fún un láti kékeré débi pé mo máa ń gbọ́ "là" níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ ọ́.

Ọkùnrin tó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó fi irú èdè yẹn sí wa létí, aládùúgbò wa ni. Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn níbí, ni wọ́n ti bí Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, nígbà tó ṣì kéré. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850. Odidi Bíbélì Yorùbá parí ní 1884. Ẹ rò ó wò: ogun gbà á lọ́wọ́ ilé rẹ̀, ọkọ̀ gbà á lọ́wọ́ ogun. Bí ẹnì kan bá wà tó mọ gbogbo ojú tí "gbà" ní, òun ni.

Bíbélì tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sì kún fún ewì. Ẹ mú Sáàmù 121, níbi tí akéwì ti gbójú sókè wo òkè, tó sì ń ronú ibi tí ìrànlọ́wọ́ máa gbà wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ èdè Hébérù ní ìbéèrè ló ń bi ara rẹ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kọ ọ́ bí ẹni pé ara òkè gan-an ni ìrànlọ́wọ́ ti ń wá. Àmì ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà láàárín kí òkè jẹ́ olùrànlọ́wọ́ àti kó má jẹ́ nǹkan kan. Ní ìlú tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí lè má kan ẹnikẹ́ni. Ní Adó-Àwáyè ńkọ́? Àwọn kan ń gun òkè yẹn lọ gbàdúrà sí Ọlọ́run, àwọn kan ń bọ òkè fúnra rẹ̀. Àmì yẹn lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì.

Mo mọ àwọn tó máa sọ pé ó yẹ kí n fi oríkì náà sílẹ̀ bó ṣe wà. N ò gbà. Fífi í sílẹ̀ náà ìpinnu ni, orí àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù yẹn ni ìyà rẹ̀ máa já sí, ilé wọn sì ni wọ́n ń kì. Yíyàn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kò sí atúmọ̀ tí kì í yàn. Soyinka túmọ̀ ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ní 1968. Àwa ń ka irúnmalẹ̀ ní irinwó tàbí irinwó ó lé ọ̀kan. Òun kọ ẹgbẹ̀rún sára ìwé náà. Kò dùn mọ́ àwọn kan, àmọ́ ojú gbangba ló wà. Ẹni tó bá gbọ́ èdè méjèèjì á rí i, á sì bá a jà bó bá wù ú. Tèmi, mo yàn láìmọ̀ pé mo ń yàn. Ọ̀rọ̀ tí ilé kan ò tíì parí láàárín ara wọn, mo bá wọn parí rẹ̀ lórí bébà, mo sì fi òkú tí wọn ò rí sin ṣe ẹni tó yè. Ohun tó dun Ìyá Kékeré nìyẹn.

Mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn lóru yẹn. Ọ̀kan wà tó sún mọ́ "gbà á sílé", tó ṣeé lò fún òkú àti fún alààyè. Kò ní ẹ̀rù tó wà nínú ti Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Ó ti bọ́ sórí. Wọ́n ti tẹ ìwé, ó ti wà nínú páálí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó tì mí, ó ń fi ìka tọ apá ọ̀tún ìwé náà lọ. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ baba yẹn, ohùn Ìyá Kékeré wálẹ̀. Ìka ọmọ náà dúró. Ó wo ìyá àgbà, ó wo ìwé, ó wá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí ìròyìn ayọ̀ ló wà níbí.

Mo sọ ti Ìyá Kékeré fún un, mo sì sọ ti Bàbá. Ó ní èwo wá ni òótọ́? Mo ní tí wọ́n bá ti sìnkú tán, kó lọ kúnlẹ̀ bi wọ́n léèrè, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kékeré.