Ẹ Bi Ọmọ Yín Ohun Tí Ó Rí

Kíkà: Máàkù 8:22-26



Nígbà tí wọ́n mú afọ́jú wá sọ́dọ̀ Jésù ní Bẹtisáídà, Olúwa fọwọ́ kàn án, ó sì bi í léèrè ohun tí ó rí. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé ènìyàn ń dàbí igi lójú òun. Jésù kò bá a wí. Ó tún fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó sì ríran kedere.

Ọmọ mélòó ni a ti pè ní olódo, tí a sì nà, nítorí pé kò da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ, láìbi í bóyá ó rí i? Àwa náà jẹ̀bi. Ọmọ tí kò ríran dáadáa láti kékeré kò mọ̀. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ríran.

Àìríran ọ̀ọ́kán dáadáa, tí awò ojú lè tún ṣe, wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ tí ó ń dé ilé ìwòsàn ojú. Awò tí dókítà yàn kì í ba ojú jẹ́. Ojú yíyún tí ọmọ ń fọwọ́ ra wọ́pọ̀ pẹ̀lú, àti àpólò, àti ojú tí igi tàbí òkúta bà níbi eré. Ẹ má ṣe fún omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ewé sí i. Ẹ má sì dá oògùn ojú rà: òmíràn ń mú ìyún rọlẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, ó lè fọ́ ojú.

Bí ojú ọmọ kan bá ń wo iwájú tí èkejì ń wo ẹ̀gbẹ́, tàbí tí ẹ rí funfun láàrin dúdú ojú rẹ̀, ẹ má ṣe dúró. Funfun náà lè jẹ́ jẹjẹrẹ, tí ó ń pa ọmọ bí a bá fi falẹ̀. Ojú tí ó sì ń lẹ, ìgbà èwe ni ó rọrùn láti tún un ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bo ojú ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í ohun tí ó rí lọ́ọ̀ọ́kán. Bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá, ẹ padà lọ; Olúwa pàápàá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Kí Ọlọ́run la ojú àwa ìyá, kí a lè rí ọmọ wa. Àmín.