Ohùn Tí Etí Wa Ti Mọ̀

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 3:1-10, Jòhánù 14:26



Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ṣílò. Òru ni, fìtílà Ọlọ́run kò tíì kú, ọmọdékùnrin Sámúẹ́lì sì ti dùbúlẹ̀. Olúwa pè é. Ó dìde, ó sáré tọ Élì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èyí ṣẹlẹ̀. Etí Sámúẹ́lì kò di o! Ó gbọ́ ìpè náà dáadáa, ó tilẹ̀ sáré jẹ́ ẹ. Àmọ́ ohùn tí ó ti mọ̀ ni ohùn Élì, nítorí náà ohùn Élì ni ó rò pé òun gbọ́. Ẹsẹ keje sọ ìdí rẹ̀: ọmọ náà kò tíì mọ Olúwa, Olúwa kò sì tíì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn án.

Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa etí, Sámúẹ́lì ni mo ń rò títí lẹ́kíṣọ̀ fi parí. Bí ìró bá wọ etí, ìlù etí á gbọ̀n. Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-tìn-tín á sọ gbígbọ̀n yẹn di àmì iná, iṣan á sì gbé e lọ sí ọpọlọ. Ọpọlọ ló ń sọ ohun tí ìró náà jẹ́, àwọn ìró tí ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1949, Donald Hebb, onímọ̀ ará Kánádà, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ léraléra, ìsopọ̀ àárín wọn á máa lágbára sí i. Ó dà bí ọ̀nà oko: ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ á dán, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbà á hu koríko.

Inú oyún ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, DeCasper àti Fifer, dán àwọn ọmọ tuntun wò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fa ọmú rọ́bà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Bó bá fà á lọ́nà kan, á gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bó bá fà á lọ́nà mìíràn, á gbọ́ ohùn obìnrin mìíràn. Àwọn ọmọ náà ń fà á lọ́nà tí wọn yóò fi gbọ́ ohùn ìyá wọn. Wọn kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láyé! Ẹ rántí Lúùkù 1:44, bí ọmọ inú Èlísábẹ́tì ṣe sọ nígbà tí ohùn Màríà dé etí ìyá rẹ̀.

Àmọ́ ìró tí a kò bá gbọ́ ńkọ́? Ọmọ oṣù mẹ́fà lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ sí i létí rí. Kí ó tó pé ọmọ ọdún kan, ẹ̀bùn yìí á ti dínkù púpọ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ sí i lójoojúmọ́ ni etí rẹ̀ á gbájú mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá kì í fi í ṣi igbá, ìgbà àti igba gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Zaria láti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín “kasa” àti “ƙasa” àwọn Haúsá. Ọ̀kan ni kí nǹkan kọjá agbára ẹni, èkejì ni ilẹ̀. Alábàágbé mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì á pè é, á tún un pè, á rẹ́rìn-ín. Ó tó oṣù mélòó kan kí etí mi tó là sí i. Àwọn ará Éfúráímù kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà. Ní etídò Jọ́dánì, ìró kan ṣoṣo nínú Ṣíbólẹ́tì ni ahọ́n wọn kò lè gbé, 42,000 ènìyàn ló sì kú nígbà náà (Onídàájọ́ 12:6).

Ará mi, ìró wo ló ń tẹ ọ̀nà nínú ọpọlọ tèmi tìrẹ?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, íápíìsì kì í kúrò létí mi. Mo ń fi jí, mo ń fi sùn. Kọ́ọ̀sì kan wà tó le fún mi gan-an. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ méjì, ẹnìkan sọ fún mi pé “expo” ti wà nílẹ̀, pé kí n mú owó wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní owó náà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ pé kí Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni mo gbọ́? Orin ìpolówó ọjà, àti ẹ̀fẹ̀ tí mo wò lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ohun tí mo ti kó sí etí ló ń jáde.

Mo ti ń wá bàtà mi láti jáde nígbà tí ohùn ìyá àgbà tó tọ́ mi dìde nínú mi. Màmá kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Sáàmù 24 látòkè délẹ̀, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń kà á sí wa létí, bí oorun tilẹ̀ ń kùn wá. Ibi tí ó ti béèrè ẹni tí yóò gun òkè Olúwa, tí ó sì dáhùn pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni mo gbọ́, pẹ̀lú ohùn Màmá àti bí wọ́n ṣe máa ń fà á. Mo jókòó. N kò lọ. Mo ṣe ìdánwò náà, mo sì gba F. Ó dùn mí, mo sunkún. Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ́.

Ẹ wo Jòhánù 14:26. Jésù ṣèlérí pé Ẹ̀mí Mímọ́ yóò rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn létí gbogbo ohun tí òun ti sọ fún wọn. Rán létí! Etí tó gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀. Ọlọ́run lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bó ti wù ú, ṣùgbọ́n a kì í rán ènìyàn létí ohun tí kò gbọ́ rí.

Kí ni ká ṣe?

Èkíní, ẹ máa ka Bíbélì sókè, kí etí yín gbọ́ ọ láti ẹnu yín. 

Èkejì, ẹ máa tún un kà. Láti ọdún 1885 ni Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi hàn pé ohun tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan tí a kò padà sí, kíá ni ó ń lọ. Àmọ́ Diutarónómì 6:7 ti ní ká máa sọ ọ́ nílé, lójú ọ̀nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. 

Ẹ̀kẹta, ẹ yọ íápíìsì nígbà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí etí sinmi, ẹ sì sùn dáadáa, nítorí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ó kọ́ lójúmọmọ.

Ẹ ṣọ́ra o: kì í ṣe gbogbo ohùn tó bá sọ sí wa lọ́kàn ni ti Olúwa. Ẹ dán an wò pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ rẹ̀ (1 Jòhánù 4:1). Bó bá sì rú yín lójú, ẹ wá Élì kan lọ. Ojú bàbá arúgbó náà ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ òun ló kọ́ Sámúẹ́lì bí a ṣe ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Baba, dárí jì wá fún ohun tí a ti fi kún etí wa. Là wá létí. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ tẹ ọ̀nà nínú wa nísinsìnyí tí a ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, kí a lè mọ ohùn rẹ ní ọjọ́ tí ohùn púpọ̀ yóò máa pè wá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.