Ta Ni Ó Ṣe Ọkọ̀ Yìí?

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá gbẹ́ ère tán, a kì í bi í bóyá òun ni ó dá igi. Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ọkọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nítorí pé irin ti wà kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mú ẹ́ńjìnnì láti ara ọkọ̀ kan, tí ó mú ẹsẹ̀ láti ara òmíràn, tí ó sì tò wọ́n di ọkọ̀ ọ̀tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó fọwọ́ sọ̀yà pé, ‘Èmi ni mo ṣe é’? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1932, Ford gbé ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan jáde tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ, tí ó sì ní agbára ẹṣin 65. Nígbà tí ó di àlòkù, àwọn ọ̀dọ́ California ń rà á, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní roadster, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí a lè ká ìbòrí rẹ̀ kúrò. Wọn a tú mọ́gáàdì rẹ̀ dànù kí ó lè fúyẹ́, wọn a fi agbára kún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọn a sì lọ fi í sáré lórí adágún gbígbẹ bíi Muroc. Òun ni wọ́n ń pè ní hot rod. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn to irú rẹ̀.

Alátakò lè wí pé àfarawé lásán ni. Ford ni ó rọ ẹ́ńjìnnì, àwọn ọmọ California ni ó ro ìrísí rẹ̀; kí ni ó kù fún ẹni tí ń tò ó lónìí? Èsì mi ni pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ìtìjú kò sí nínú yíyá ọgbọ́n lò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ohun tí ayáni-lọ́gbọ́n fara wé: ṣé ìrísí ni, tàbí ìrònú?

Ẹ wo bíréèkì. Ọ̀pá irin ni ó ń fa ti ọkọ̀ 1932 náà. Ọdún 1939 ni Ford tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú èyí tí epo inú páìpù ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tí ó gbọ́n nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn a máa yọ bíréèkì tuntun yìí sí ara ọkọ̀ àtijọ́ wọn. Èrò ọ̀nà kì í yin bíréèkì. Ọ̀dà ni wọ́n ń wò, ariwo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń gbọ́. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìwà oníṣẹ́ wà. Ẹni tí ó fi kún eré tí kò fi kún ìdádúró ti fi ẹ̀mí ọmọ tí ń sọdá títì ta tẹ́tẹ́, láìbi ọmọ náà. Nígbà tí eré àsápajúdé lójú pópó di ẹ̀sùn, Wally Parks dá National Hot Rod Association sílẹ̀ ní ọdún 1951, kí eré náà lè kúrò ní ìgboro lọ sí ibi tí òfin wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì bọ̀lẹ̀kájà ti wá. Káfíńtà tiwa ni ó kan pákó ara rẹ̀. Bí pákó náà bá yẹ̀ lójú ọ̀nà, ta ni à bá bi? Káfíńtà ni. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ẹ̀bi yóò dé bá, òun náà ni ìyìn tọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kò sí òwe kan nínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè sọ ìdí tí ó fi fi òwe kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, tirẹ̀ ni àròkọ náà.

Nítorí náà, bí ẹni tí ó to ọkọ̀ bá wí pé, ‘Èmi ni mo ṣe é’, èmi kò ní jà á níyàn, bí ó bá lè fi ìka tọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ ibi tí ó ti rí i àti ìdí tí ó fi gbà á. Ìjókòó méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Kí ó gbé ọmọ bíbí inú rẹ̀ sí èkejì, kí ó tó wà á jáde.